Ọmọ Ọlọ Inú Tòbí

Ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, bí o bá jẹ ìrẹsì àwo méjì, tí o gbé ẹ̀bà lé e, tí o tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nu ẹnu, tí ẹnìkan wá bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, wàá ní o ò tíì jẹun. Kì í ṣe pé ò ń purọ́. Iyán nìkan ni à ń pè ní onjẹ. Gbogbo ìyókù, ìpanu ni, a kàn fi ń ti ebi sẹ́yìn díẹ̀ kí onjẹ tó dé ni. Màámi le ju gbogbo wa lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Uyán ni òun máa ń pè é, bí àwọn àgbà ìlú wa ṣe ń pè é, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀ bó bá ti dárúkọ rẹ̀. Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí, onjẹ, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí Màámi ń gba iná.

Iná ni àwa ń pè é. Ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú onítànṣán ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ ńlá kan ló ń tan ìtànṣán síbi tí àìsàn wà láti pa á. Jẹjẹrẹ ni wọ́n rí ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ń sọ pé nǹkan kan há òun lọ́fun, tí èmi tí mo wà ní Èkó ń dáhùn lórí fóònù pé kó máa mu omi gbígbóná. Omi gbígbóná! Mo ṣì ń bú ara mi títí dòní lórí omi gbígbóná yẹn. Nígbà tí dókítà sọ ohun tó jẹ́ gan-an, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé kí òun àti àwọn ọmọ máa ṣe é bí wọ́n bá ṣe lè ṣe é, mo di ẹrù mi, mo wá sílé.

Ìlú tí ẹ̀rọ náà wà jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó wọ mọ́tò, a ó gba Àkúrẹ́ kọjá, a ó sì dé yàrá kan tí a gbà nítòsí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ojoojúmọ́ ló ń gba iná, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Lọ́jọ́ Ẹtì kan náà a ó tún gbéra padà, nítorí Màámi ní òun ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbi tí òun ò ti lè rí àpáta ẹ̀yìn ilé òun. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n kọ fún wa.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe ìbòjú kan fún un. Ike ni, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Wọ́n rì í sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ lé e lójú títí dé èjìká, ó sì gan síbẹ̀ bí ojú rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́, imú, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń fi de orí rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ kó má baà mì, kí iná lè bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n de Màámi mọ́ bẹ́ẹ̀dì báyẹn, mo sá jáde. Nígbà tí Màámi fúnra rẹ̀ jáde, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé nǹkan náà á dára fún bíbo ata tí a bá sá sóòrùn.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìbòjú yẹn náà la kọ́kọ́ bá dókítà onjẹ pàdé. Ọmọbìnrin ará Ìjẹ̀bú kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bójú tó ohun tí àwọn tó ń gba iná ń jẹ. Ó ṣàlàyé títí pé òun kì í ṣe dókítà, Màámi ò gbọ́. Dókítà onjẹ ló sọ ọ́, dókítà onjẹ náà ló ń jẹ́ títí dòní. Ó nawọ́ àga kan sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Mi ò jókòó. Èmi, bí nǹkan bá ń dùn mí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, mi ò lè dúró lójú kan. Ó ní kí Màámi gun òṣùwọ̀n, ó sì jẹ́ kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Ìwọ̀n ara yín tòní la fi ṣe ìbòjú yẹn. Bí ẹ bá rù, á tú lójú yín, orí yín á máa mì nínú ẹ̀, iná á sì máa bọ́ síbi tí kò yẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó dá iṣẹ́ dúró, a ó ṣe òmíràn, gbogbo ọjọ́ tí a bá sì fi dúró, àìsàn náà ló jèrè ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òṣùwọ̀n yìí sọ̀ kalẹ̀ ju kílò méjìdínláàádọ́ta lọ. Tó bá lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, ó lè jẹ́ pé rọ́bà la ó ti gba imú yín wọ inú, ká máa fi fún yín lóúnjẹ."

Màámi fi ọwọ́ bo imú rẹ̀. "Nínú imú tèmi?" ló bèèrè.

"Ọ̀fun yín máa dùn yín," ni dókítà onjẹ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹnu yín máa gbẹ, adùn oúnjẹ máa lọ. Síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ máa jẹ. Ẹ má fi nǹkan líle ha ọ̀fun yẹn. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ wá nǹkan rírọ̀ tó lágbára fún wọn, ẹyin, wàrà, ẹja, ẹ̀pà lílọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀."

Ó kò mí lójú o! Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sinmi mọ́. Mo máa ń jí po ògì, mo ń fi ẹ̀pà lílọ̀ àti wàrà sí i, mo ń fọ́ ẹyin sí i nígbà tó ṣì ń hó. Mo ń se mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata. Mo ń po píà mọ́ oyin. Ẹja tútù ni mo ń bọ̀, mo ń yọ egungun rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń lọ̀ ọ́. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi agolo ìyẹ̀fun aládùn kan ránṣẹ́, ó ní àwọn tó ń gba iná lọ́dọ̀ àwọn ló ń mu ún. Màámi fi imú kan án, ó ní òórùn rẹ̀ jọ ti ìpara, kí n fi pa ẹsẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ohun tó bá gbé mì sí, síbí mélòó ní aago mélòó. Bí ó bá fi ìdajì ife sílẹ̀, àyà mi á já. Mo máa ń dúró lé e lórí. "Màámi, ẹ gbé e mì. Màámi, ó ku síbí méjì. Màámi, ẹ wò mí." Nígbà míì mo máa ń pariwo mọ́ ọn, kí Ọlọ́run má fi ṣe ẹ̀bi mi. Òun á kàn pa ẹnu dé, á máa wò mí bí ẹni tí ń wo òjò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òṣùwọ̀n jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Dókítà onjẹ bèèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ń jẹun?"

"N ò jẹun," ni Màámi dáhùn.

"Láti ìgbà wo?"

Màámi fi ìka ṣírò. "Ọjọ́ kọkànlá rèé."

Dókítà onjẹ fi bírò lélẹ̀, ó yíjú sí mi. Ẹ wo ojú tó fi wò mí! Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ti ìyá rẹ̀ mọ́lé tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́jà. "Ọjọ́ mọ́kànlá, mà?"

Mo fò fẹ̀rẹ̀. "Irọ́ ni o! Màámi, ẹ gbà mí! Ògì tẹ́ ẹ mu láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ẹyin ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín àná ńkọ́?"

"Mo mu ògì," ni Màámi wí jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ti ń há nígbà yẹn. "Mo jẹ ẹyin. Mo jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló bi mí. Ó ní ṣé mo jẹun."

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Ẹmùrè wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ará Èkìtì ni wọ́n. Iyán ni wọ́n ń wí!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, dókítà onjẹ náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Ó bi Màámi pé ẹ̀bà àwọn Ìjẹ̀bú ńkọ́, ṣé onjẹ kọ́ nìyẹn? Màámi ní ó dára fún lílẹ ìwé mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, dókítà onjẹ ò béèrè mọ́ pé ṣé ẹ jẹun. "Kí ló wọ ẹnu yín, Màmá?" ló ń béèrè, Màámi á sì máa kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí a padà délé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé odó àti ọmọ odó kúrò nínú ilé ìdáná. Ṣebí wọ́n ní ká má fi nǹkan líle ha ọ̀fun rẹ̀? Mo rò ó pé bí kò bá rí odó lójú, ọkàn rẹ̀ ò ní máa fà sí iyán, yóò gbájú mọ́ ògì. Mo gbé e fún ìyá aládùúgbò wa, opó kan tó ń gbé ilé kejì, tí òun àti Màámi jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Mà, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ó gbà á. Màámi bèèrè odó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní mo gbé e pamọ́ ni. Kò tún béèrè mọ́. Èmi, mo rò pé ó ti gbàgbé ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnu rẹ̀ bó. Ó ní gbogbo nǹkan ń dà bí irin lẹ́nu òun, omi pàápàá ń ta òun. Itọ́ rẹ̀ ki, ó ń fi aṣọ nù ún. Òṣùwọ̀n jẹ́ àádọ́ta. Dókítà onjẹ fa ìlà pupa kan sábẹ́ iye náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ku kílò méjì, mà." Mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni pé mo lè fi ojú ti abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà padà sókè. Mo bú Màámi lójú ọ̀nà ilé. Mo ní ṣé ó fẹ́ kú ni, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú ni. Inú ń bí mi sí àìsàn náà, ṣùgbọ́n Màámi ló wà nítòsí, òun ni mo bínú sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màámi gun òṣùwọ̀n, ó sì jẹ́ àádọ́ta. Kò sọ̀! Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé dókítà onjẹ pọ̀n. Mo ṣí ìwé mi, mo ń fi gbogbo síbí tí mo ti kọ hàn án, ó ní mo ṣe iṣẹ́ ńlá. Màámi sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di ìró rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun fẹ́ lọ gba iná òun. Mo rántí pé mo rí i pé ó rìn wúwo díẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni nǹkan dà rú. Òṣùwọ̀n jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, a ṣì wà lókè ìlà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìbòjú dè é jáde wá, wọ́n ní ó ti tú lójú rẹ̀, pé ìka méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n. Dókítà onjẹ wo òṣùwọ̀n, ó wo ojú Màámi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, kò yé e. Ó ní bóyá òṣùwọ̀n ń ṣe màgòmágó, ó gùn ún fúnra rẹ̀, ó sì bá ìwọ̀n ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ni mo bá gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Mo pariwo. Mo ní ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni mo mọ̀, pé èmi ni mo ń ka ẹyin, èmi ni mo ń ka síbí, kí wọ́n lọ tún ìbòjú wọn ṣe. Wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kún abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn lè parí, wọ́n ní àwọn ó wò ó lọ́jọ́ Ajé bóyá kí àwọn dá a dúró. Màámi mú mi lọ́wọ́, ó ní ká máa lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nílé, kò sí iná mànàmáná, bílẹ́ńdà ò ṣiṣẹ́. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti mú un lọ ní àdúgbò wa. Mo fẹ́ lọ ẹ̀pà sí ògì, mo sì rántí ọlọ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọlọ wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ, òkúta róbótó tí a fi ń lọ nǹkan lórí rẹ̀, kò sí. Mo wá a lábẹ́ àga, mo wá a nínú agbọ̀n, mo tú ilé ìdáná palẹ̀. Mo wá rántí pé odó wa wà nílé kejì. Orí mi gbóná, mo yọ sí ìyá aládùúgbò wa lójú ọgbà.

"Mà, ṣé odó tí mo gbé fún yín ò tó ni? Ẹ tún wá mú ọmọ ọlọ?"

Ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó gbójú sókè. "Ọmọ ọlọ wo? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara rẹ dá?"

"Èyí tí Màámi ti ní kí wọ́n tó bí mi ni! Ẹ bá mi wá a!"

"Lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ," ló wí, ó tún tẹ orí ba. "Kí o sì máa kí ènìyàn kí o tó pè é lólè."

Mo padà wọlé, mò ń kùn. Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ sí ògiri. Mo ní kí n kó aṣọ rẹ̀ tó wà nínú báàgì tí a gbé dé lánàá lọ fọ̀, ó kéré tán ọwọ́ mi á rí nǹkan ṣe. Mo fa tòbí rẹ̀ jáde, aṣọ abẹ́ ìró àwọn ìyá àgbà yẹn, èyí tó ní àpò níwájú. Ọwọ́ mi fà wálẹ̀. Ó wúwo. Mo ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ọmọ ọlọ ló wà níbẹ̀, ó tutù, ẹ̀pà ọjọ́ pípẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo dúró sójú kan. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo oṣù náà.

"Màámi, kí ni ọmọ ọlọ ń ṣe nínú tòbí yín?"

Ọ̀rọ̀ sísọ ń dùn ún nígbà yẹn. "Ó ń bá mi gun òṣùwọ̀n ni."

Háà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún gbé e lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta náà ní itan mi. "Ẹ ń tan ara yín jẹ, Màámi!"

"Èmi kọ́ ni mò ń tàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ni." Ó nu itọ́ nù. "Wọ́n ní bí mo bá rù, wọn ó dá a dúró. Mo rù. Mò ń rí i lára mi pé mo rù. Kí ni kí n wá ṣe? Mo fẹ́ parí ẹ̀. Mo fẹ́ parí ẹ̀ kí o lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ. O ò sùn mọ́, o ò jókòó mọ́, ò ń bá gbogbo ènìyàn jà nítorí mi."

"Ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí n jókòó! Bí ẹ bá jẹ gbogbo ohun tí mo ń sè..."

"Mò ń mu ún," ló wí. "Nítorí ojú rẹ ni mo ṣe ń mu ún. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fún mi lónjẹ. O gbé odó mi fún ilé kejì. Ojoojúmọ́ tí a bá wà nílé ni mò ń gbọ́ ọ. Ṣé o rò pé n ò mọ ohùn odó mi ni?"

Ó dùn mí dé egungun. Mo rántí gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìyá aládùúgbò wa ń gún iyán, tí mo ń kọjá lọ kọjá bọ̀ pẹ̀lú ife ògì, tí Màámi yíjú sí ògiri. Mo rántí ẹ̀rín tí mo rín ní ọ́fíìsì dókítà onjẹ. Ó ti sọ fún wa láti ọjọ́ yẹn. N ò jẹun, ló wí, ó sì sọ iye ọjọ́ rẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ èdè rẹ̀ ni mi ò gbọ́.

Mo pe dókítà onjẹ. Ojú tì mí débi pé mo ń bá a sọ̀rọ̀ mo ń rìn yíká àgbàlá. Mo jẹ́wọ́ òkúta. Mo gbọ́ tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú wọn wá lọ́jọ́ Ajé, ká wọ̀n wọ́n láìsí òkúta. Mà, kí ni Màmá gan-an fẹ́ jẹ?"

"Iyán ni."

"Ta ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni!"

"Èmi? Èmi ní ẹ má fi nǹkan líle ha wọ́n lọ́fun. Mi ò mẹ́nu ba iyán. Ẹ gún un kó kúnná dáadáa, kó má ní kókó kan, kẹ́ ẹ fi wàrà gbígbóná là á títí á fi máa ṣàn lórí síbí. Ẹ po ẹja lílọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ilá tí kò láta. Kí wọ́n jókòó gangan, kí wọ́n máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá wúkọ́, ẹ dúró. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo lọ sílé kejì, mo kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn lórí ẹ̀fọ́ tó ṣa sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Dìde jàre, gbé odó." Òun ló mú iṣu wá, iṣu ọ̀nà Ẹmùrè, ó ní èyí tí mo ní nílé kò dára fún gígún. Ẹ̀yìn ilé wa la ti gún un. Màámi ní ká gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó síbẹ̀, ó dẹtí sí odó.

"Ó ṣì ní kókó," ló wí. A tún gún. "Ó ṣì ní kókó níhà ọ̀tún." Bí ó ṣe ń gbọ́ ìyẹn, mi ò mọ̀. Òógùn bò mí, èjìká mi ń ro, inú mi sì dùn gidigidi, ìdùnnú tí mi ò mọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé láti Èkó.

Nígbà tí mo fi wàrà là á, tó sì ṣàn sínú àwo, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Kí lèyí?"

"Uyán ni," mo ní.

"Ó ń ṣàn."

"Ó ń ṣàn lóòótọ́, Màámi. Ṣùgbọ́n inú odó yín ló ti jáde."

Ó wò ó pẹ́. Ìyá aládùúgbò wa bu tirẹ̀, ó jókòó tì í, èmi náà bu tèmi, àwa méjèèjì sì fi omi là á bíi tirẹ̀ kó má baà jẹ́ pé òun nìkan ló ń fi síbí jẹ iyán ní gbogbo Èkìtì. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín. Ó gbé síbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ìrora. Mo na ọwọ́ láti gba àwo náà. Ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, láìsí ọmọ ọlọ, òṣùwọ̀n jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n dá a dúró bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n ṣe ìbòjú tuntun fún ojú rẹ̀ tó ti rù, wọ́n ní kó padà wá ní ọjọ́ Ajé kejì kí wọ́n tó máa bá iná lọ. Dókítà onjẹ ò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní bí Màámi bá tún sọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan yìí, ìbòjú tuntun náà á di aláìwúlò, rọ́bà ló kù. A padà sílé. Mo gún iyán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi bó. Mo ṣì ń se ògì, mo ṣì ń fọ́ ẹyin sí i, ó sì ń mu ún, ó ní níwọ̀n bí òun bá ti jẹun tán, òun lè fi ìyẹn pa ẹnu. Mi ò kọ ohunkóhun sínú ìwé. Mo ju ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo ń gbé Màámi sókè lábẹ́ apá láàárọ̀, bí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dìde, kí n lè mọ̀ bóyá ó fúyẹ́.

Ọjọ́ Ajé náà dé. Dókítà onjẹ nawọ́ sí àga bó ti máa ń ṣe. "Ẹ jókòó, mà." Mo dúró sẹ́bàá ògiri, ọwọ́ mi wà nínú báàgì mi níbi tí mo gbé ọmọ ọlọ pamọ́ sí, nítorí mi ò fẹ́ fi òun àti Màámi sílẹ̀ nínú ilé kan náà. Kí Màámi tó gun òṣùwọ̀n, ó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ sí tòbí, ó sì fa àpò rẹ̀ yọ síta kí gbogbo wa lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gùn ún.

Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kò lé, kò dín.

Dókítà onjẹ mí kanlẹ̀. Ó mú bírò, ó béèrè bó ti máa ń béèrè. "Kí ló wọ ẹnu yín lánàá, Màmá?"

Mo retí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ògì, ka ẹyin, ka wàrà. Màámi gbé ojú sókè.

"Mo jẹun," ló wí.

Bírò dúró lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó wo Màámi, ó wò mí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n pe Màámi láti inú yàrá ẹ̀rọ pé ìbòjú tuntun ti wà nílẹ̀. Ó di ìró rẹ̀, ó sì bá wọn wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Mo wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, mo fà á sún mọ́ra, mo sì jókòó.